Ère Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Tí Ẹnikẹ́ni Ò Kà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀. Ẹ kà á délẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín, torí ìsàlẹ̀ pátápátá ni ohun tó yà mí lẹ́nu wà.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe awò ojú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé gíláàsì fún un. Ó ní: "Àbúrò mi, ẹ̀rọ yìí ni mo fi tọ́ ọ dàgbà. Má jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ rẹ o. Òun náà lo máa fi tọ́ ọmọ rẹ."

Ọmọ kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí ní, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń da bàbá ọmọ láàmú. Ère ike! Àwọn ère kékeré tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, tí wọ́n ṣe bí àwọn akọni méjìlá inú fíìmù àwòrán kan. Ó ti ní mọ́kànlá. Ó tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù, oníkálukú wà nínú páálí tiẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó ṣí rí. Òfin àwọn tó ń kó ère jọ ni pé ẹni tó bá ṣí páálí ti ba iyì ère náà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi sọ ọkùnrin yìí ní Má-Ṣí-I.

"Nọ́ńbà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ oníkálukú wọn," ló sọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Ti ọ̀kan kì í jọ ti èkejì. Nọ́ńbà yẹn lèèyàn fi ń mọ̀ pé wọn ò pọ̀."

"Dádì, ṣé ẹ ti rí nọ́ńbà yẹn rí?"

"Báwo ni mo ṣe máa rí i? Ṣebí inú páálí ló wà!"

2.
Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ère wá kéde ìkejìlá: Atukọ̀ Onífìlà Pupa. Wọ́n ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré làwọn máa ṣe fún gbogbo ayé, àwọn á sì fọ́ ohun táwọn fi ń ṣe é. Kí Má-Ṣí-I tó ṣẹ́jú lórí fóònù, ó ti tán. Onígbàjámọ̀ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí ọ̀kan rà. Òun ò rí.

Inú bí i débi pé kò lè jẹun. Ó ń rìn yípo nínú yàrá, ó ń sọ pé, "Kí ló dé tí wọn ò ṣe púpọ̀? Ṣé ike wọ́n ni?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, àbí? Ká ní ó dúró dáhùn rẹ̀ ni!

"Dádì," lọmọ rẹ̀ wí, "ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yẹn, ta ló kà wọ́n?"

"Ilé-iṣẹ́ ni."

"Ta ló wá ka ti ilé-iṣẹ́?"

"Lọ ṣe iṣẹ́ iléèwé rẹ!"

Nígbà tó yá, ẹnì kan lóun fẹ́ ta tòun, àmọ́ owó tó pè é kì í ṣe kékeré. Kí ni Má-Ṣí-I ṣe? Ó ta ẹ̀rọ. Àní ẹ̀rọ tó ń jẹun lórí rẹ̀! Aláwò kan ní òpópónà kejì ló rà á. Àwọn oníbàárà náà ò pẹ́ tẹ̀ lé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀.

3.
Ní oṣù kejì lẹ́yìn tó ta ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n ṣèèṣì jókòó lé awò ojú rẹ̀, ó fọ́. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù kí àbúrò rẹ̀ bá a gé òmíràn. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, kò kan nǹkan kan.

"Ẹ̀rọ mi dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Ẹ̀rọ mi dà?"

Ó gbé páálí lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà gbé e sún mọ́ ojú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀.

"Bèbí? Bèbí lo fi pààrọ̀ ẹ̀rọ?"

"Kì í ṣe bèbí o. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré ló wà láyé."

"Èmi ńkọ́?" Omi ti lé sójú rẹ̀. "Èmi tí mo fún ọ ní ẹ̀rọ, mélòó irú mi ló wà láyé?"

Má-Ṣí-I gba páálí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, nítorí obìnrin náà ò ríran dáadáa.

4.
Kò pé ọdún kan, ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré kan to Atukọ̀ Onífìlà Pupa kún ojú fèrèsé bámúbámú. Wọ́n ní àwọn èèyàn ló bẹ ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe sí i.

"Irọ́ ni!" Má-Ṣí-I sáré lọ bá onígbàjámọ̀. "Tiwa ló ní nọ́ńbà!"

"Omi bọ́ sórí páálí tèmi, mo ṣí i," lonígbàjámọ̀ wí. "Mẹ́tàdínlógójì ni nọ́ńbà mi."

Má-Ṣí-I délé, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó ṣí páálí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó yí ẹsẹ̀ ère sókè. Mẹ́tàdínlógójì. Òun àtọmọ rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré náà lọ. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ bá wọn ṣí ọ̀kan. Mẹ́tàdínlógójì!

Ẹ gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu: ọ̀kan náà ni nọ́ńbà gbogbo wọn. Ilé-iṣẹ́ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ṣí i wò.

"Dádì, ta ló kà wọ́n?"

"Kò sẹ́ni tó kà wọ́n, ọmọ mi."

Lónìí, Má-Ṣí-I ń bá aláwò òpópónà kejì ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lò, àmọ́ ẹlòmíràn ló ni ín. Awò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ gé níbẹ̀. Obìnrin náà fi sójú, ó gbé Atukọ̀ tí àbúrò rẹ̀ ti ṣí, ó ka abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì nà án sí ọmọ náà: "Gbà, máa fi ṣeré." Òun sì ni ère àkọ́kọ́ tẹ́nikẹ́ni fi ṣeré nínú ilé Má-Ṣí-I.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, mo bẹ̀ yín: bí wọ́n bá sọ fún yín pé nǹkan fẹ́ tán, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló kà á. Ẹ má sì torí ohun tí wọ́n tà fún yín ní dídì ta ohun tó ń bọ́ yín. Àwọn àgbà ò purọ́: ọ̀kánjúwà, baba àrùn.