Oríkì Olóyè Dé Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀

Yàrá tí Olóyè Adégbuyì bá wọ̀, ilé á fi ẹ̀rọ agbóhùn ki oríkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé ẹ̀yìn ilé, ibẹ̀ ló ti ń rìn bí àlejò. Nítorí àwọn àna tó ń bọ̀, ó fa wáyà káàkiri, ó gbé àpótí agbóhùn sí gbogbo yàrá.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ yọ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

"Ṣé ẹlòmíràn ló ń lọ síbẹ̀ fún mi ni?"

Àwọn àna dé. Olóyè yọ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn àpótí bá gbohùn lẹ́nu ara wọn dé pálọ̀: "Òkè ńlá tí ayé ń wò, ó wọlé!" Àwọn àna dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ń retí rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kanlẹ̀kùn jẹ́jẹ́. "Bàbá Mojoyin, wọ́n ṣì dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ ní kí wọ́n dìde, tàbí kí ẹ yára."