Òdòdó Tí Wọn Kì Í Ràn Pa

Mukaddas ju aṣọ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó lu máṣíìnì Hosiyat aránṣọ.

"Ta ló ní kí o ran òdòdó igun yìí pa? Àbí ọwọ́ ló ń yún ẹ ni?"

Gbogbo ìlú Nurota ló mọ̀ pé wọn kì í ran aṣọ yìí tán. Ìyá ìyàwó gbọ́dọ̀ fi òdòdó kan sílẹ̀ lófìfo, láìfi òwú kún inú rẹ̀, kí ìyàwó lè bí ọmọbìnrin tí yóò wá ràn án tán nígbà ìgbéyàwó tirẹ̀.

Hosiyat ò gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó fúnra ẹ̀ ló ní kí n gé aṣọ pupa lé e, kí n ràn án pa."

"Irọ́ lo pa! Ọmọ mi ò ya wèrè!"

"Òun ló ń wọlé yẹn. Ẹ bi í."

Mukaddas yíjú pẹ̀lú ìbínú.

"Oydin! Ṣé orí ẹ pé? Ṣé o fẹ́ yàgàn ni?"

Oydin dúró lẹ́nu ọ̀nà. Báàgì ilé ìwé ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀.

"Màámi, ẹ̀yin náà ò tíì jáde ilé ìwé tí ìyá àgbà fi fà yín fọ́kọ. Òdòdó tí wọ́n fi sílẹ̀ lára aṣọ tiyín, èmi lẹ ní kí n wá ràn án.

"Bí mo bá bí ọmọbìnrin, mi ò fẹ́ kí òdòdó kankan máa dúró dè é."