Férémù Tí Ọlálérè Kò Dán Wò Lórí Òkè

Àìfẹ́ tún iṣẹ́ wò ni àléébù Ọlálérè. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òpè nídìí iṣẹ́ wẹ́dà. Ohun tó ń múni bínú jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn: ó mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe, ó sì ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kí ó tó dáwọ́ dúró.

Ẹ̀bá Fájuyì, ní Adó-Èkìtì, ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Àwọn kan ní ìlú náà ti sọ bọ́ọ̀sì wọn di ilé tó ń rìn: wọ́n tẹ́ ibùsùn sínú rẹ̀, wọ́n gbé sítóòfù sí i, wọ́n sì ra fìríìjì kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀. Abẹ́ ibùsùn ni fìríìjì ń wà, òkè ni ìdérí rẹ̀ sì wà, nítorí náà kò ṣeé ṣí àfi bí ó bá jókòó sórí férémù tí a lè fà jáde láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Èyí tó ń ti òkè òkun wá wọ́n ju fìríìjì fúnra rẹ̀ lọ. Ọlálérè wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin onígun àti béárìn ṣe tirẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe dára. Ìkọ́ méjì ló ń fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà yọ́ jáde fúnra rẹ̀. Bí ó bá parí, yóò ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, yóò gbé àpò sìmẹ́ńtì kan lé férémù náà, yóò sì fà á, yóò tì í, nígbà mẹ́wàá. Báyìí ni òkìkí rẹ̀ ṣe kàn, tí àwọn ajíhìnrere tó ń fi bọ́ọ̀sì rìn láti ìlú dé ìlú fi ń tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Òkìkí yìí ló bà á jẹ́. Ó rí i pé dídán an wò ń gba odidi ọ̀sán. Ó fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sílẹ̀, ó ń fa férémù lófìfo lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́, ó yọ ìkọ́ kan kúrò. Nígbà tó yá, ó pa irin onígun tì, ó ń tú irin tí dúrọ́ọ̀ fi ń yọ́ jáde lára kábínẹ́ẹ̀tì fáìlì tí àwọn ọ́fíìsì ti pa tì. Irin tí wọ́n ṣe fún bébà ló ń gbé fìríìjì lé.

Adébíyìí, àgbà káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tirẹ̀, bá a wí. "Ọlálérè, ibo ló tẹ́jú ní Èkìtì yìí tí o fi ń dán nǹkan wò lórí ilẹ̀ títẹ́?"

Ọlálérè rẹ́rìn-ín. "Bàbá, fìríìjì ni mò ń gbé jókòó, ulé kọ́ ni mò ń kọ́."

Adébíyìí pòṣé, ó padà sídìí pákó rẹ̀.

Nígbà ìkórè iṣu, Monínúọlá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé bọ́ọ̀sì wá kí Ọlálérè ṣe férémù sí i. Òun àti Olúfúnṣọ́, ọkọ rẹ̀, ní oko ní ọ̀nà Ìjan-Èkìtì. Kò sí ilé níbẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ máa sùn títí iṣẹ́ yóò fi parí. Àtọ̀gbẹ ń ṣe Olúfúnṣọ́, ìnsúlíìnì tó ń gún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kò sì gbọdọ̀ gbóná. Obìnrin náà ṣe àlàyé gbogbo èyí. Nígbà tí férémù náà parí, ó béèrè bóyá wọ́n ti gbé ẹrù lé e wò.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá Tíṣà," ni Ọlálérè wí. "Kò lè lọ síbì kankan."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, bí wọ́n ṣe ń gun òkè tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé oko, wọ́n gbọ́ gbì lẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n dúró, wọ́n fi òkúta dí táyà. Monínúọlá yọjú lójú fèrèsé: ìkọ́ kan ṣoṣo náà ti wọ́, fìríìjì ti fara ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó fóònù Ọlálérè, ẹni náà sì gun ọ̀kadà wá.

"Má tíì ṣí i," ni Monínúọlá kìlọ̀. "Jẹ́ kí bàálé mi kọ́kọ́ yí ọkọ̀, kí imú rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀."

"Màmá Tíṣà, èmi ni mo ṣe é. Ṣé n kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi ni?"

Ó ṣí i. Fìríìjì já wá tòun ti ẹrù inú rẹ̀. Ọlálérè na ọwọ́ ọ̀tún láti dá a dúró, fìríìjì sì fún ọrùn ọwọ́ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, egungun sì kán. Fìríìjì ṣubú, ìdérí rẹ̀ já, gbogbo ìgò ìnsúlíìnì sì fọ́ sórí òkúta.

Wọn kò dé oko mọ́. Wọ́n ní láti tètè padà sí Adó kí àkókò abẹ́rẹ́ ìrọ̀lẹ́ tó kọjá. Wọ́n tẹ́ Ọlálérè sórí ibùsùn inú bọ́ọ̀sì. Kò sí ohun tí wọ́n lè fi de férémù òfìfo náà. Ní gbogbo òkè tí wọ́n gùn, ó yọ́ jáde. Ní gbogbo ibi tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, ó yọ́ wọlé, ó ń dún gbọ̀n-ọ́n lábẹ́ orí Ọlálérè títí wọ́n fi dé ọsibítù.

Olúfúnṣọ́ rí abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbà. Wọ́n to egungun Ọlálérè, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò lè di nǹkan mú ṣinṣin mọ́, kò sì sí wẹ́dà tó lè jó irin láìdi nǹkan mú. Àwọn oníbàárà ń dá férémù wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Adébíyìí ló ń bá wọn tú u. Ọlálérè a jókòó lórí bẹ́ǹṣì, a máa wò ó.

Kí ẹni tó ka ìtàn yìí má ṣe rò pé owó pọ́ọ́kú ni ẹ̀ṣẹ̀ Ọlálérè. Férémù àkọ́kọ́ kò wọ́n, ó sì dára. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó fi ìrọ̀rùn ara rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ tí ẹ̀mí ẹlòmíràn rọ̀ mọ́. Ohunkóhun tí a kò bá dán wò ní irú ibi tí a óò ti lò ó, pẹ̀lú irú ẹrù tí yóò gbé, a kò tíì dán an wò rárá. Kí àwa tí a ń gbé iṣẹ́ fún ènìyàn náà kọ́gbọ́n: Monínúọlá béèrè ìbéèrè tó tọ́, ṣùgbọ́n ó gba "ẹ fọkàn balẹ̀" ní ìdáhùn. Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ ní kí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì lé e lójú yín.