Ìdánrawò Ọjọ́rú

Lẹ́tà méjì ni alága ẹgbẹ́ aláàánú náà ní kí wọ́n tẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èkíní ń lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn: kí olùbẹ̀wò wọn máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Èkejì ń lọ sọ́dọ̀ lọ́yà ẹgbẹ́: kí ó rán ẹnì kan tí ojú rẹ̀ le wá ní Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá, tí yóò ṣe bí olùbẹ̀wò, tí yóò da ìbéèrè bò wọ́n, kí ẹnu wọn lè dán kí ọjọ́ gidi tó pé.

Àǹtí Ọ́fíìsì ló tẹ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè é. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wọn. Ó kó àwọn lẹ́tà náà wá síwájú alága. Ìwé kan kì í jáde níbẹ̀ láìgbàdúrà lé e lórí, nítorí náà alága dijú, ó na ọwọ́ òsì sókè ọ̀run, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún buwọ́ lùwé níbi tí Àǹtí Ọ́fíìsì bá gbé ọwọ́ náà sí. Alága ṣe àmín. Àǹtí Ọ́fíìsì náà ṣe àmín, ó sì lẹ àpò ìwé pa.

Ohun tó ń mú olùbẹ̀wò bọ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ẹgbẹ́ náà ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ aláìlóbìí. Ọkùnrin tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, torí pé kì í gbóhùn sókè. Ọwọ́ ló máa ń gbé sókè. Láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ̀sùn mẹ́rìnlá ti wọlé pé ó ń lu àwọn ọmọ, pé ó ń tì wọ́n mọ́ yàrá ìkẹ́rù. Ìgbìmọ̀ sì bójú tó wọn bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe: wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé náà, A TI GBÀDÚRÀ SÍ I.

Àǹtí Ọ́fíìsì ló kọ ẹ̀sùn kọkànlá. Àbúrò rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, apá ọmọ náà sì ṣẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Jẹ́jẹ́. Òun náà ló lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀sùn ara rẹ̀, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìwé tí ìyá ọmọ náà fọwọ́ sí lórí ibùsùn àìsàn ló fi í fún ẹgbẹ́. Bí ìjọba kò bá rí nǹkan kan, inú ilé yẹn ni yóò wà títí yóò fi di ọmọ ọdún méjìdínlógún.

Ní Ọjọ́rú, alága pe ìgbìmọ̀ jọ kí àlejò tó dé. Ó ní a kì í purọ́ fún dókítà ká tún máa retí ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí lọ́yà bá rán wá. Kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ síta lónìí, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa dí lọ́la.

Ọkùnrin tó dé tín-ín-rín, bàtà rẹ̀ ti jẹ ní gìgísẹ̀. Ó kí wọn, ó ní iléeṣẹ́ ìjọba ló rán òun. Màmá Adúrà, obìnrin kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀, fi ìgbọ̀nwọ́ gbún alága. Ó sọ ọ́ sí i létí pé eléyìí ò tiẹ̀ jẹ́ ká mí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin náà bi Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ léèrè iye ọmọ tó ti lù.

"Èwo ni kí n kà?" ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wí. "Ti bẹ́líìtì àbí ti ọwọ́ lásán?"

"Ẹ ka méjèèjì."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ fi ìka rẹ̀ kà títí ó fi tán, ó wá yá ti Màmá Adúrà kún un. Màmá Adúrà ní àwọn náà kò káwọ́ gbera, àwọn gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọkùnrin náà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni sọ fún ọlọ́pàá.

"Ọlọ́pàá kẹ̀?" ni alága wí. "Ẹ ṣáà bá wa wá bí a ṣe máa sọ ọ́ tí yóò fi dùn létí."

"Mo ti gbọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́," ni ọkùnrin náà dáhùn.

Ó béèrè fáìlì. Alága ní kí Àǹtí Ọ́fíìsì kó ojúlówó fún un, kí ó lè mú un lọ kà dáadáa. Ọkùnrin náà kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n buwọ́ lù ú. Wọ́n dijú, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wọ́n buwọ́ lù ú. Ọkùnrin náà dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe àmín.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n fi dí ihò gbogbo. Alága ní kí wọ́n ra fáìlì tuntun tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ra súìtì sápò, kí ó lè rí nǹkan fún ọmọdé níṣojú àlejò.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin tó wọlé sanra, ó ki gègé mẹ́ta bọ àpò àyà, kò sì tíì jókòó tó fi lu tábìlì. Inú Màmá Adúrà dùn: ojú ìjọba gan-an rèé. Ọkùnrin náà jágbe mọ́ wọn, ó yí ìbéèrè kan po lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnu wọn kò yà. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ sunkún nígbà tí wọ́n dárúkọ ọmọ. Alága ṣí fáìlì tó ṣófo, ó ní láti ọjọ́ tí àwọn ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ̀sùn kan ò wọlé rí. Àǹtí Ọ́fíìsì gbé omi wá fún àlejò, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin náà mu omi náà tán, ó nu ẹnu, ó wá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bí ẹ bá dáhùn báyìí nígbà tí olùbẹ̀wò ìjọba bá dé, wọn ò lè rí yín mú, lọ́yà sì ní kí n bi yín, ọjọ́ wo gan-an ni olùbẹ̀wò náà ní òun ń bọ̀?"