Sítíárìn Tí Jínádù Tún Ṣe

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ìbínú ni mo fi ń wakọ̀. Ìyàwó mi ń rọbí. Sítíárìn píkọ́ọ̀pù mi àtijọ́ le bí ẹni ń hú kùkùté, Jínádù mẹkáníìkì sì ti fi èyí tó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo ní kó bá wa lọ.

Ní oríta, ọkọ̀ yà sọ́nà ahoro. Mo yí sítíárìn sọ́tùn-ún. Ó rọra yí padà.

"Bàbá Ṣìjú, ọ̀nà ọsibítù kọ́ nìyí!" ìyàwó mi ké.

"Jínádù, ṣé o fẹ́ pa ìyàwó mi ni? Iṣẹ́ ràdàràdà wo nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run gbọ́, sítíárìn kì í dá yí. Ẹ fi sílẹ̀ ẹ wò ó."

Mo ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ọkọ̀ ń yẹ kòtò kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó mọ ọ̀nà. Jínádù tan tọ́ọ̀ṣì. Awọ tó bo sítíárìn tẹ̀ wọlé níbi mẹ́wàá, bí ibi tí ìka di mú gírígírí.

Mo gbá sítíárìn náà mú. "Ìwọ yòówù kó o jẹ́, ìyàwó mi ń rọbí! Fi í sílẹ̀!"

Awọ náà wú padà, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.