Ẹni Tó Yẹ Kó Fọwọ́ Sí I

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kan kún un, kí ẹsẹ̀ tí mo fi wọ ìlú tó ti ṣẹlẹ̀ má gbé mi dé ìlú mìíràn mọ́.

Odi tó pín ìlú náà sí méjì ti wó, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kò wó. Gbogbo ìwé àwọn ẹ̀ṣọ́ odi wà nínú ilé alájà mẹ́ta kan tó kún fún eruku. Ibẹ̀ ni olùwádìí kan ti ń lọ láti oṣù mọ́kànlá. Ó ti mọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi mọ odi náà, ó mọ ibi tí wọ́n ti kó búlọ́ọ̀kù wá, ó mọ ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n to ìgò fífọ́ sórí rẹ̀. Ìwé tó kọ ti wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ojú ewé kan péré ló kù: ta ló ta bàbá rẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́?

Iṣẹ́ páìpù omi ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ó gbẹ́ ihò láti inú ilé wọn lọ bá gọ́tà ńlá tó gba abẹ́ odi kọjá. Lọ́jọ́ tí òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí fẹ́ lọ, bàbá ló kọ́kọ́ wọ inú ihò náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti jókòó dè é níbi tí ihò náà ti já sí gọ́tà. Wọ́n yìnbọn pa á. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé.

Gbogbo àdúgbò ló mọ ẹni tó ṣe é. Aránbàtà tó wà ní ìkòríta ni. Wọ́n rí i tó jáde ní ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ó ní bàtà wọn lòun lọ gbé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Etí-Ògiri. Ẹni tí bàtà rẹ̀ bá já níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á kúkú fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé òpópónà kejì.

Olùwádìí náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àhesọ lòun gbé sínú ìwé. Fáìlì ló fẹ́. Akọ̀wé ilé tí àwọn ìwé odi wà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń ki rọ́bà bọ àtàǹpàkò kó tó ṣí ìwé, ti sọ òfin fún un títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́ bó.

"Mà, bí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ inú fáìlì bá ṣì wà láàyè, àfi kó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ kí fáìlì tó jáde."

"Ọ̀dàlẹ̀ wo ló máa fọwọ́ sí i pé òun dalẹ̀?"

"Òfin ni, mà. Ẹ̀yin náà, lẹ́tà àwọn atẹ̀wé lẹ ń mú wá fún wa. Bí ẹ bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí lóòótọ́, ẹ mú ìwé ìbí yín wá."

Ìwé ìbí wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá ní ó ti jóná.

"Màmá, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní eku ló jẹ ẹ́."

"Eku jẹ ẹ́, ìyókù jóná. Kí lo fẹ́ fi òkú ṣe? Jẹ́ kí bàbá rẹ sinmi."

"Ẹni tó pa á ló ń sinmi! Ó jókòó sí ìkòríta, ó ń kan ìṣó, ẹ̀yin sì ń kí i!"

Òótọ́ ni. Nínú gbogbo àdúgbò, ìyá nìkan ló ń kí i. Ọmọ ti bá a jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú u. Nígbà tí ìyá wọ ilé ìwẹ̀, ọmọ tú àpótí ìyá. Ìwé ìbí náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, odidi, nínú ọ̀rá méjì.

Ó gba ìkòríta lọ. Kò kí aránbàtà.

"Etí-Ògiri, dìde."

Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó yọ ìṣó lẹ́nu. "Ọmọ mi, káàárọ̀."

"Èmi kì í ṣe ọmọ rẹ. Wá fọwọ́ síwèé. Bí o ò bá wá, màá fi orúkọ rẹ síbẹ̀ láìsí fáìlì, kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ máa kà á níléèwé."

"Ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé o wá?"

"Má fi ẹnu rẹ dárúkọ ìyá mi!"

Aránbàtà gbé òòlù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó dáa. Jẹ́ n mú fìlà mi."

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, ó gbọ́ tí ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ń sọ "ìwọ" sí àgbàlagbà. Ó tẹ orí ba. Ó fún aránbàtà ní fọ́ọ̀mù kan, ìyẹn fọwọ́ sí i láìkà á. Ó fún obìnrin náà ní ọ̀kan, òun náà fọwọ́ sí i. Ó kó méjèèjì pọ̀ mọ́ ìwé ìbí, ó wọlé lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gbé fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ó ti pé," ló wí. "Ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i ti fọwọ́ sí i."

Obìnrin náà fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Ẹ gbọ́ ọ! Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n! O ń jẹ, o ń mu, o ń sùn, o ń jí, ìyá mi ń kí ọ! Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́!"

"Ọmọ mi, mo ti gbà," ni aránbàtà wí. "Kọ orúkọ mi síbẹ̀, kó tán. Má ṣí i."

"Níṣojú rẹ báyìí ni màá ti kà á."

"Ó pẹ́ tí mo ti ń rù ú. Kò wúwo mọ́."

"Mà," ni akọ̀wé wí, "ẹ kọ́kọ́ jókòó."

Kò jókòó. Ó ṣí fáìlì náà lórí ìdúró. Ìwé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó kà á sókè, kí àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè gbọ́.

"Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọmọbìnrin atúnpáìpùṣe, ọmọ ọdún mẹ́fà, sọ fún olùkọ́ rẹ̀ ìdí tí òun kò fi ní wá síléèwé mọ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an nìyí: 'Bàbá mi ti gbẹ́ ihò, a máa gba abẹ́ odi lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà.'" Ó tún un kà, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀: "Bàbá mi ti gbẹ́ ihò, a máa gba abẹ́ odi lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà."