Ta Ló Pa Clyde Estep?

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nígbà tí Vinka Marusich gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Dolph Rainey, lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Port Adair, létí òkun California. Oṣù Kejì ọdún 1953 ni. Obìnrin kúkúrú ni, kò tíì pé ogójì ọdún, aṣọ dúdú ló wọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo Rainey bí ẹni tó ń retí pé kó kọ́kọ́ sọ nǹkan. Rainey fi ẹsẹ̀ ti àga kan sí i.

"Ẹ jókòó, màdáámú. Ṣé ọkọ yín ló sá lọ ni?"

"Mi ò lọ́kọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìjọba yẹgi fún un ní ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn."

Kò sí ẹni tí kò rántí ẹjọ́ náà nílùú. Clyde Estep ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹja sínú agolo. Ẹ̀yìn ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja pamọ́ sí ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹja ní ìhà. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ lára kóòtù apẹja kan tó ń jẹ́ Jerko Marusich. Jerko ní òun ni. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí wọ́n fi fi okùn sí i lọ́rùn.

"Ó kúkú jẹ́wọ́," ni Rainey wí.

"Ó jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pa á. Ẹ bá mi wá ẹni tó pa á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó dúró, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé irọ́ ni."

"Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó mọṣẹ́ jù mí lọ kún Los Angeles."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́."

Ó gba gègé rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ méjì sínú ìwé, ó sì jáde.

Orúkọ àkọ́kọ́ ni ti Dókítà Lindqvist, ẹni tó yẹ òkú Estep wò. Ó ti di arúgbó, ìdí tòmátò rẹ̀ ni Rainey ti bá a.

"Wọ́n bi mí bóyá ọ̀bẹ ni," ni bàbá náà wí. "Mo ní ọ̀bẹ ni. Wọn ò bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀bẹ yẹn ti wá, ó sì gba òkè lọ. Ẹni kúkúrú ló gún un, ọlọ́wọ́ òsì sì ni."

"Jerko ńkọ́?"

"Jerko ga débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó lè wọ ẹnu ọ̀nà ilé mi yẹn. Ẹ̀rọ tó ń fa àwọ̀n sì ti gé ìka mẹ́rin lọ́wọ́ òsì rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Kò lè fi mú ṣíbí."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́, Dókítà?"

"Ṣebí o wà nínú ọlọ́pàá nígbà náà. Kí ló dé tí ìwọ náà ò bèèrè?"

"Wọn ò jẹ́ kí n sún mọ́ ẹjọ́ ńlá. Èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn ọ̀mùtí."

Ó wọ inú mọ́tò. Ó yọ ìwé tí Vinka kọ, ó wò ó pẹ́.

Orúkọ kejì ni ti Hazel Orcutt, tí òun àti Vinka jọ ń gé ẹja lórí tábìlì kan náà láyé ọjọ́un. Ọ̀dùnkún ló ń bó nígbà tí Rainey dé.

"Ọlọ́pàá, wọlé. Má fọwọ́ kan ológbò yẹn o, ó ń gbọ́ òórùn ọlọ́pàá."

"Mo ti fiṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ìyá."

"Òórùn yẹn kì í lọ." Ó ju ọ̀dùnkún sínú omi. "Ọmọbìnrin tí Estep bá ní kó wá sẹ́yìn ilé yìnyín, bó bá kọ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tó kú, Vinka ló pè. Ó padà tòun ti aṣọ tó fi di ọwọ́."

"Aṣọ wo ló wọ̀?"

"Kóòtù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òtútù mú láàárọ̀, Jerko bọ́ ọ fún un."

Rainey pa ìwé rẹ̀ dé. "Ìyá, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ ṣá?"

"Vinka fúnra rẹ̀ ló wá bá mi lóṣù tó kọjá. Ó ní bí ọkùnrin kan bá bèèrè, kí n má fi nǹkan kan pamọ́, kí n má sì ṣàánú òun."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Rainey fi kọ gbogbo ohun tó gbọ́ sínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi iná sí igun rẹ̀, tó tún pa á. Lọ́jọ́ kẹrin, ní ọ̀sán, ó lọ sílé Vinka. Ẹja sàdíìnì ló bá a tó ń dín.

"Ọkọ̀ ojú irin kan ń lọ sí ibodè Mexico ní aago mẹ́ta," ni Rainey wí. "Ẹnikẹ́ni ò tíì rí ìwé yìí."

Vinka nu ọwọ́, ó jókòó, ó kà á lójú ewé lójú ewé. Ìgbà tó dé ibi kóòtù ni omijé bọ́.

"Ó rí ẹ̀jẹ̀ náà lára mi," ni ó wí. "Ó bọ́ kóòtù lọ́rùn mi, ó sì wọ̀ ọ́. Ó ní, 'Ọmọ ìyá mi, pa ẹnu rẹ mọ́.'"

Inú ti ń bí Rainey. "Ẹ sì pa á mọ́ lóòótọ́. Ẹ jókòó sílé títí wọ́n fi pa á."

"Mi ò pa á mọ́, Ọ̀gbẹ́ni Rainey," ni Vinka wí bó ti ń wọ bàtà tó máa wọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, "lọ́sẹ̀ tí wọ́n yẹgi fún un, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá bá ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá tó ń kọ orúkọ níbẹ̀, mo ní èmi ni mo pa Estep, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ sì bu omi fún mi mu, tẹ́ ẹ ní àbúrò gidi ni mí, kí n máa lọ sílé."